Bí Òkè Apárí Ṣe Kúrú Mọ́ Àjàdí Ahunṣọ Lójú

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa á lówe pé òkè tí à ń gùn lójoojúmọ́, kíkúrú ló ń kúrú, ṣé ẹ mọ ilé tí òwe náà ti jáde? Ẹ má wulẹ̀ wò yíká. Ilé wa ni. Àjàdí ahunṣọ, baba tó bí ìyá ìyá mi, ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Mo gbọ́ pé àwọn ìlú kan ti ń sọ pé tàwọn ni. Kí wọ́n fi òkè wọn hàn wá ná.

Ìlú wa, Ìsàlẹ̀ Apárí, wà lẹ́sẹ̀ òkè ńlá kan. Igi yí ìdí òkè náà ká, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ jẹ́ àpáta lásán tó ń dán nínú oòrùn, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Òkè Apárí. Láyé ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ kan iṣu tuntun nílùú náà, àfi bí Apèlú bá ti gun òkè yìí láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, tó dúró lórí àpáta, tó sì ké pé: "Ìsàlẹ̀ Apárí o, ẹ bẹ iṣu!" Ilé wa ló ni oyè Apèlú. Àmọ́ Apèlú kò gbọdọ̀ jókòó lọ́nà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e, oòrùn kò sì gbọdọ̀ kan àtàrí kó tó ké. Bó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan péré, oyè di ti Ilé Aró, tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ láti ayé baba ńlá wọn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n Àjàdí tó jẹ́ Apèlú kú nígbà ọyẹ́. Ni oyè bá kan Àjàdí.

Mo fẹ́ràn baba wa, ṣùgbọ́n òótọ́ lọ̀rọ̀. Ogún ọdún ni Àjàdí ti fi jókòó nídìí òfì. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ sì mú débi pé bí aṣọ bá wà lára ẹni tó ń lọ lókèèrè, á sọ bó ṣe gùn tó, kò sì ní ṣì í. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò mọ ọ̀nà mìíràn ju láti ìdí òfì dé ìdí ọbẹ̀. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Bó bá fẹ́ dìde, á pe èèyàn méjì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde oyè náà, Ṣàngódèyí, olórí Ilé Aró, rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

"Àjàdí? Àjàdí tó ń mí hẹlẹ bó bá gun orí ẹní? Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ lọ máa rán ẹ̀wù oyè!"

Oṣù mẹ́fà ló kù kí ọdún dé. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, Àjàdí di ṣòkòtò, ó dojú kọ òkè bí ẹni ń lọ sógun. Ó fẹ́ dé orí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Eré ló fi bẹ̀rẹ̀. Igi agbálùmọ̀ kan wà nísàlẹ̀ òkè níbi tí àwọn ọmọ ọdún márùn-ún ti máa ń ṣa èso, abẹ́ igi yẹn ni baba wa ṣubú sí gbalaja. Àgùntàn kan dúró, ó wò ó títí, ó gbọn etí, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sókè.

Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, itan rẹ̀ ti gan. Kò ṣeé jókòó, kò ṣeé dìde. Orí ìdúró ló ti jẹ ẹ̀kọ àárọ̀.

"Àwẹ̀ró," ó pe ìyàwó rẹ̀, "oyè yìí kì í ṣe tèmi. Kí Ṣàngódèyí máa mú un lọ."

Àwẹ̀ró kì í ṣe obìnrin tó ń pariwo. Ó gbé omi gbígbóná wá, ó sì ń fi aṣọ jó itan ọkọ rẹ̀.

"Baba Mórónkẹ́jì, ṣé ẹ rántí aṣọ tí ẹ kọ́kọ́ hun láyé yín?"

"Kí ló kan aṣọ nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ìyá yín sọ fún mi. Wọ́n ní àwọn fi dé ìkòkò omi, àwọn sì yí ojú ìkòkò náà sí ògiri kí àlejò má baà rí i. Ṣé ẹ torí ẹ̀ fi òfì sílẹ̀?"

Àjàdí yí itan kejì sí i.

"Ta ló ní kí ẹ bá òkè jìjàkadì? Ẹ kàn máa lọ kí i ni. Ibi tí ara yín bá gbé yín dé, ẹ so òwú mọ́ igi níbẹ̀, kí ẹ wálé wá jẹun. Tó bá dọ̀la, ẹ fi ogún ìṣísẹ̀ kọjá òwú àná. Ogún péré."

"Tí mo bá ṣe ọgbọ̀n ńkọ́?"

"Ẹ ò ní bá ọbẹ̀ nílé."

Báyìí ni Àjàdí bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì péré ló fi sinmi kí itan rẹ̀ tó tú, lẹ́yìn ìyẹn kò pa ọjọ́ kankan jẹ mọ́. Láràárọ̀ ni yóò dé ibi òwú àná, á bú òkè náà dáadáa, á rin ogún ìṣísẹ̀, á so òwú tuntun, á sì padà. Àwọn ará Ilé Aró a gbé àpótí síta láti máa wò ó.

"Apèlú!" Ṣàngódèyí á kígbe. "Ṣé kí n gbé àpótí yìí bá ọ níbẹ̀?"

"Fi sábẹ́ ìdí rẹ bẹ́ẹ̀, Ṣàngódèyí. Wàá nílò rẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá gbọ́ ohùn mi lókè."

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àjàdí ń ro ọ̀rọ̀ aṣọ kan tó wà lórí òfì, ìgbà tó máa gbójú sókè, ó ti kọjá igi agbálùmọ̀ jìnnà. Kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó kọjá rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Lọ́jọ́ kejì, ó dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó jẹ́ pé níṣe ló máa ń di orúnkún mú níbẹ̀, ó sì gbà á kọjá bí ẹni ń lọ sẹ́yìnkùlé. Ó dúró, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ àná náà ni, kò pààrọ̀ wọn. Ó wo òkè. Ojú tó fi ń wọn aṣọ kò tàn án rí, ojú náà ló sì sọ fún un pé òkè yìí ti kúrú.

Ó sáré wálé wá sọ fún Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó fèsì, ó ti dé iwájú Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè.

"Baálẹ̀, kí ẹ̀mí yín gùn. Òkè wa ń kúrú."

"Kí ló ṣe é?"

"Òjò ni. Ẹ̀yin náà mọ bí aṣọ tuntun ṣe máa ń rí tí wọ́n bá rì í sómi. Ẹni tó wọ̀ ọ́ dé kókósẹ̀ lánàá, orúnkún ni yóò wọ̀ ọ́ dé lọ́la. Òjò ọdún yìí ti rin òkè náà gbìndìn."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Baálẹ̀ lára. "Tó bá wá kúrú tán ńkọ́? Ṣé orí òkìtì ọ̀gán ni Apèlú yóò ti máa pe ìlú?"

Ìjòyè kan ní kí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Òmíràn ní kí wọ́n ní sùúrù de ẹ̀ẹ̀rùn, bóyá bó bá gbẹ, á tún nà padà. Ibẹ̀ ni Ṣàngódèyí ti fò dìde.

"Irọ́ ni! Òjò wo? Àjàdí ló ń gé e! Ó mọ̀ pé òun ò lè gùn ún, ló ṣe ń gé e kúrú. Ṣé ẹ ò rí òwú tó so káàkiri ara òkè ni? Alápatà tó fẹ́ kun màlúù ló máa ń sàmì sí i bẹ́ẹ̀!"

Baálẹ̀ yíjú sí Àjàdí. "Ṣé ìwọ lò ń gé òkè?"

"Baálẹ̀, ibo ni mo fẹ́ kó o sí?"

Àwọn ìjòyè rò ó títí, wọn ò rí ibi tó lè kó o sí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti di ẹ̀sùn. Baálẹ̀ ní: "Ṣàngódèyí, láti ọ̀la lọ, ìwọ ni olùṣọ́ òkè. Máa tẹ̀lé Àjàdí láràárọ̀ dé gbogbo ibi tó bá dé. Bó bá fi mú òkúta kan péré kúrò, oyè di tiyín."

"Gbogbo ibi tó bá dé?" Ohùn Ṣàngódèyí ti wálẹ̀.

"Àbí ìsàlẹ̀ lo ti fẹ́ máa ṣọ́ ẹni tó ń gé orí?"

Ṣàngódèyí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, gbogbo ènìyàn sì rò pé eré ni yóò fi òkè náà ṣe. Ẹnu ló ní, kò ní ẹsẹ̀. Abẹ́ igi agbálùmọ̀ kan náà ló ti fi ìdí lé ilẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ló ti ránṣẹ́ sí Baálẹ̀: "Òkè ò kúrú o! Ó tún ga sí i ni!"

Ìlú dàrú. Àjàdí ní ó kúrú, Ṣàngódèyí ní ó ga sí i. Àwọn kan ní bóyá apá kan ló kúrú tí apá kejì ń ga, pé ó ti fẹ́ wó lulẹ̀ nìyẹn. Ìdílé mẹ́ta tó ń gbé ní ìdí òkè kó ẹrù wọn.

Ṣàngódèyí ì bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àmọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ò gbà. Wọ́n ti rán ẹ̀wù oyè. Láràárọ̀ ni wọ́n ń tì í jáde. Àjàdí ló wá ń dúró dè é lọ́nà. Nígbà tó rí i tí ọkùnrin náà di igi mú, tí ojú rẹ̀ ń yípo, baba wa fa òwú yọ nínú àpò, ó nà án sí i.

"Gbà, so ó síbẹ̀. Lọ́la, fi ogún ìṣísẹ̀ kọjá rẹ̀."

"Kí n gba òwú lọ́wọ́ ọ̀daràn?"

"Gbà á, jàre. Ìmí ẹ ń lé àwọn ẹyẹ."

Ó gbà á. Èmi ò mọ ilé mìíràn nílùú yẹn tí wọn ì bá ti fi òwú ta ọ̀tá lọ́rẹ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún dé nígbà tí Ṣàngódèyí sáré já wọ ilé Baálẹ̀. Kò mí hẹlẹ rárá.

"Baálẹ̀, ẹ gbà wá o! Òótọ́ ni Àjàdí sọ. Òkè ti kúrú! Láàárọ̀ yìí, mo dé orí àpáta, mi ò mọ ìgbà tí mo débẹ̀!"

"Ta ló gé e?"

"Mi ò mọ̀. Ojú mi ò kúrò lára Àjàdí, kò mú nǹkan kan. Olè mìíràn ni."

Bí ọ̀tá méjì bá fẹnu kò, ta ló kù tí yóò jiyàn? Baálẹ̀ ní tó bá ti kúrú tó bẹ́ẹ̀, òun àti gbogbo ìjòyè yóò bá Apèlú gùn ún lọ́jọ́ ọdún, kí àwọn fojú ara àwọn rí ìyókù rẹ̀. Ó ní kí àwọn obìnrin gbé omi kaná, pé kó tó hó, àwọn á ti dé.

Ọjọ́ ọdún pé. Baálẹ̀ wọ agbádá onípele mẹ́ta, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ́rùn, àwọn ìjòyè tò tẹ̀lé e. Nídìí igi agbálùmọ̀, ìjòyè kan rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, òmíràn gbá igi mọ́ra, ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, pé òun àti igi náà ti di mọ̀lẹ́bí. Baálẹ̀ bọ́ agbádá, ó fi kọ́ igbó. Ó bọ́ fìlà. Ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀. Níbi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ ọdún tó wà lára Àjàdí mú.

"Àjàdí! O purọ́ fún mi! Òkè yìí ga!"

"Baálẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ fi aṣọ mi sílẹ̀. Oòrùn ti fẹ́ kan àtàrí."

"Mi ò lè fi í sílẹ̀! Bí mo bá fi í sílẹ̀, ìdí iná tí wọ́n ti ń se omi ni n ó bá ara mi!"

Nísàlẹ̀, gbogbo ìlú mú ọ̀bẹ dání, wọ́n ń wòkè. Omi ti hó gbẹ lẹ́ẹ̀mejì. Bí Àjàdí bá dúró, oyè lọ. Bó bá já ara rẹ̀ gbà, Baálẹ̀ yóò yí dé ìlú. Ó wo Ṣàngódèyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí ò nílò láti ṣe ohunkóhun, kó ṣáà ká ọwọ́ lẹ́yìn títí oòrùn yóò fi dé ibi tó ń lọ, Apèlú ti di tiwọn.

Àjàdí yọ ọrùn kúrò nínú aṣọ náà, ó ku ṣòkòtò péńpé lára rẹ̀, ó sì na etí aṣọ sí ọ̀tá rẹ̀.

"Ṣàngódèyí, dì í mú."

Ṣàngódèyí wo oòrùn. Ó wo etí aṣọ. Ohùn àwọn ará ilé rẹ̀ ń dún nísàlẹ̀ pé kó má dì í.

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi so òwú kiri ara òkè yìí," ó ní, "wọn ò bá mi so ẹyọ kan." Ó gba etí aṣọ, ó fi ẹ̀yìn ti àpáta. "Kí lò ń wò? Máa sáré!"

Àjàdí sáré. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: baba wa sáré lórí Òkè Apárí. Oòrùn ò tíì kan àtàrí nígbà tó dúró lórí àpáta. Àwọn Apèlú tó ti jẹ ṣáájú, bí wọ́n bá débẹ̀, ohùn kékeré ló máa ń kù lọ́rùn wọn. Ti Àjàdí dé abúlé kẹta.

"Ìsàlẹ̀ Apárí o, ẹ bẹ iṣu!"

Igbe ayọ̀ ìlú mi ilẹ̀. Nígbà tí Àjàdí padà sọ̀ kalẹ̀, Baálẹ̀ ti fìdí lé àpáta, ó ṣì di aṣọ náà mú ṣinṣin.

"Àjàdí, ìgbà wo lo ti ń gun ibí yìí?"

"Láti ìgbà tí a ti ń kọ ebè, Baálẹ̀."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

"Ìwọ Ṣàngódèyí ńkọ́?"

"Lójoojúmọ́, Baálẹ̀. Ẹ̀yin lẹ rán mi."

Baálẹ̀ wo ìsàlẹ̀, ó rí àwọn ìjòyè rẹ̀ tó fọ́n káàkiri ara òkè bí aṣọ tí wọ́n sá. Ó rí fìlà tirẹ̀ lórí igi. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi. Òjò ò rin ín. Ẹnikẹ́ni ò gé e. Olè ò gbé e. Òkè tí à ń gùn lójoojúmọ́, kíkúrú ló ń kúrú. Ẹ wá lọ pe géńdé mẹ́rin kí wọ́n wá gbé mi sọ̀ kalẹ̀, torí èmi ò gùn ún rí, tèmi sì ga bó ṣe wà."

Wọ́n gbé e. Kí wọ́n tó gbé e délé, ìdájọ́ rẹ̀ ti dé ṣáájú rẹ̀, àwọn tó ń gúnyán ti ń fi dá ara wọn lóhùn lẹ́nu odó. Títí di òní, Ilé wa ló ṣì ń jẹ Apèlú, a sì ní ẹsẹ̀ tí a fi ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ fún ẹni tó ń ṣe nǹkan fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìmọ̀ràn, tó ń mí hẹlẹ lábẹ́ igi agbálùmọ̀ tirẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kí ọmọ Àjàdí ahunṣọ, kí ẹ tó wá sọ fún un pé: òkè tí à ń gùn lójoojúmọ́, kíkúrú ló ń kúrú.