Ọbẹ̀ Ewé Òkun Láàárọ̀ Àyẹ̀wò

Nílé ìwẹ̀ gbogboogbò ní ìlú Mokpo, ní Kòríà, ni Pilnye ti ń ha ara tí ọwọ́ rẹ̀ fi ba kókó kan lára ọmú òsì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí dókítà ní kó lọ fi han ọsibítù ńlá, ìbẹ̀rù ti dè é mọ́ ìdí abọ́ ọbẹ̀ nígbà tí Okbun, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ẹni tí kò sí ohun tí kò mọ̀ láyé, wọlé wá bá a.

"Pilnye, kí lo ń mu yẹn?"

"Ọbẹ̀ ewé òkun ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wá jẹun."

Okbun gba abọ́ náà kúrò níwájú rẹ̀. "Láàárọ̀ àyẹ̀wò? Ta ni kò mọ̀ pé ewé yìí ń yọ̀ bọ̀rọ́, pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ lọ ṣe ìdánwò á yọ̀ ṣubú? Yeot lèmi rà wá. Súìtì tó ń lẹ̀ là ń jẹ, kéèyàn lè lẹ̀ mọ́ àṣeyọrí."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Kókó yìí, ṣé ẹ fẹ́ kó lẹ̀ ni?"

Okbun wo abọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo yeot tó rà wá.

"Èmi fẹ́ kó yọ̀ lọ ni," ni Pilnye wí. "Ìdí tí mo fi se ọbẹ̀ nìyẹn."

"Òpè lo jẹ́. Ṣé kókó ló ń lọ ṣe ìdánwò ni, àbí ìwọ?"

"Ọmọ yín jẹ yeot lọ́dún tó ṣe ìdánwò yunifásítì."

"Ó jẹ ẹ́."

"Ó sì fìdí rẹmi."

"Ó lẹ̀ náà. Kíláàsì tó wà tẹ́lẹ̀ ló lẹ̀ mọ́."

"Bí èmi náà bá fìdí rẹmi lónìí, kí ni wọ́n máa ṣe?"

"Wọ́n á ní kó o padà wá."

"Bí mo bá yege ńkọ́?"

"Wọ́n á ní kó o padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà."

"Kí wá ni yeot fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

Okbun jókòó, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Gbọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, dókítà á fọwọ́ wá a. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ọmú ẹ sáàárín pátákó méjì, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ bíi tofu, wàrà ẹ̀wà sóyà, tí à ń fún omi ara rẹ̀ dànù, wọ́n á wá ya fọ́tò rẹ̀."

"Tèmi kéré, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni wọ́n máa rí tẹ̀?"

"Wọ́n á wá a kàn. Wọ́n á tún fi nǹkan tútù pa á lára, kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ mìíràn wo inú rẹ̀. Bí kò bá tíì yé wọn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ nínú kókó náà, bí a ṣe ń tọ́ kimchi, ẹ̀fọ́ tí a fi iyọ̀ àti ata rẹ sínú ìkòkò, wò ká lè mọ̀ bóyá ó ti kan."

"Tó bá ti kan ńkọ́?" ni Pilnye bèèrè. Kò tíì sọ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá; Okbun nìkan ló mọ̀.

"Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe jẹjẹrẹ. Tó bá sì jẹ́ òun, ẹni tó tètè lọ ló ń sàn fún. Má da ara ẹ láàmú. Bó o bá fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, á dà bíi pé ó ti lọ. Bó o bá dìde jókòó báyìí, á tún ti dé."

Pilnye gbójú sókè. Òun ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

"Ta ló sọ ìyẹn fún yín?"

"Mo gbọ́ ọ lórí rédíò."

"Rédíò wo ló ń fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀?"

Okbun bẹ̀rẹ̀ sí í tú bébà ara yeot. Ó tú u tán, ó tún un wé.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tá a jọ ṣe kimchi òtútù."

"Òtútù ti lọ, òdòdó ṣẹ́rí ti tanná, ó ti rẹ̀ dànù. Ẹ ò sì lọ?"

"Ẹni tí kò bá jókòó ṣe ìdánwò, ta ló máa sọ pé ó fìdí rẹmi?"

Ẹ̀rù tó ń ba Pilnye láti òwúrọ̀ di ìbínú, ìbínú náà sì ṣe é lóore ju ọbẹ̀ lọ. Ó dìde, ó fa ìyálé rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó wọ bàtà tirẹ̀, ó sì gbé ti Okbun sí i lẹ́sẹ̀. Ó ṣẹ́ yeot sí méjì, ó ki èyí tó tóbi bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín òkè sì lẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Mmm," ni Okbun wí.

"Ó ti lẹ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ bá bọ́ọ̀sì. Èmi ni màá ṣàlàyé fún yín lójú ọ̀nà. Lákọ̀ọ́kọ́, dókítà á fọwọ́ wá a. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi í sáàárín pátákó méjì. Ọpẹ́lọpẹ́ tiyín tó tóbi, wọ́n máa rí nǹkan tẹ̀."