Bí Ìṣọ̀lá Ọlọ́dùùrù Ṣe Pa Ẹnu Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ fún mi ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń pa á lówe pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́? Ẹ má wo ojú ara yín. Láti kékeré lẹ ti ń pa òwe náà, ẹ fi ń bá ọmọ wí, ẹ fi ń bá onílé jà, ẹ kò sì bèèrè ibi tó ti wá rí. Àwọn kan á ní ọba ló pa á. Àwọn mìíràn á ní ọlọ́gbọ́n kan ló jókòó sábẹ́ igi tó rò ó jinlẹ̀. Kò sí ọlọ́gbọ́n kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Kíbọ́ọ̀dù ló bí òwe náà, ní ìlú Arárọ̀mí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ìṣọ̀lá ló sì gbẹ̀bí rẹ̀.

Ìṣọ̀lá ló ń tẹ dùùrù ní Ìjọ Òkè-Ìdùnnú. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi tẹ kíbọ́ọ̀dù ìjọ náà, ẹ̀rọ náà sì ti gbó débi pé bí Ìṣọ̀lá bá fẹ́ ohùn fèrè, ohùn ewúrẹ́ tí òtútù mú ló ń jáde. Ọwọ́ Ìṣọ̀lá dáa. Etí rẹ̀ tún dáa ju ọwọ́ lọ. Ẹnu rẹ̀ ni ìṣòro, torí ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́, ẹnu rẹ̀ kì í lè gbé e mì. Òun ló sọ fún Ìyá Akọrin, olórí ẹgbẹ́ akọrin, lójú gbogbo ìjọ, pé ohùn rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tó ń wá epo. Òun náà ló sọ fún Alàgbà Òjéwùmí, alága ìgbìmọ̀ ohun èlò, pé kí bàbá kúkú máa ki ọwọ́ bàpò nígbà orin, torí àtẹ́wọ́ wọn àti orin kì í jọ dé ibì kan náà lọ́jọ́ kan náà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tí Ìṣọ̀lá bá bèèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe.

Nígbà tí ìjọ wá ní àwọn yóò ra kíbọ́ọ̀dù tuntun, Ìṣọ̀lá kọ́kọ́ yọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Sàlákọ́, tó ń ta ohun èlò orin. Méjì ló bá níbẹ̀. Ọ̀kan dúdú, kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan lára. Èkejì jẹ́ aláwọ̀ fàdákà, ó fẹ̀ bí tábìlì ìjẹun, iná wẹ́wẹ́ pupa àti búlúù ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ìṣọ̀lá tẹ méjèèjì wò. Dúdú yìí, bí o bá ní kó ṣe dùùrù, dùùrù lo gbọ́. Bí o bá ní kó ṣe fèrè, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ èémí ẹni tó ń fọn ọ́n. Bí o bá ní kó fi ìlù gbè ọ́, agogo dá dúró, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dá dúró, ìkan kò gun ìkan lórí. Fàdákà ní tirẹ̀, gbogbo ohùn inú rẹ̀ ló dà bí ṣíbí tí wọ́n ń gbá mọ́ agolo mílíìkì, ariwo ló sì fi ń bo àléébù rẹ̀.

Inú Ìṣọ̀lá dùn sí Dúdú débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó mọ̀ pé èyí tí ìgbìmọ̀ bá rà ni òun yóò máa tẹ̀ títí irun òun yóò fi funfun. Ó pinnu níbẹ̀ pé Dúdú ni, kò sí èyí tó lè yẹ̀ ẹ́.

Ó délé, ó sọ fún Mopélọ́lá, ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá Tẹ̀mí," ni ìyàwó wí, "tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ra Dúdú, ẹ má sọ fún wọn pé Dúdú lẹ fẹ́. Ẹ tiẹ̀ dín ọ̀rọ̀ kù lọ́jọ́ náà."

Ó ní kó dín ọ̀rọ̀ kù, ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìṣọ̀lá kì í ṣe nǹkan ní ìlàjì. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ yẹ kíbọ́ọ̀dù wò, ó kúnlẹ̀ níbi àdúrà, ó ní, "Olúwa, títí ìgbìmọ̀ yóò fi sọ pé àwọn ti yàn, ọ̀rọ̀ kan kò ní jáde lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, kí ọwọ́ mi má mọ dùùrù tẹ̀ mọ́." Mopélọ́lá fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó fa èyí tó sọ gbẹ̀yìn yẹn padà, àmọ́ ọkọ rẹ̀ ti panu dé, ó ń fọwọ́ júwe abọ́ ògì.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Alàgbà Òjéwùmí ti gbé ìlànà kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n ta aṣọ gígùn kan, kí ìgbìmọ̀ jókòó síwájú aṣọ, kí kíbọ́ọ̀dù méjèèjì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ojú a máa tan etí," ni bàbá wí. "Lónìí, etí nìkan ni yóò dájọ́. Ìṣọ̀lá á tẹ orin kan náà lórí méjèèjì, àwa á sì sọ bóyá èkíní la fẹ́ tàbí èkejì. Ìṣọ̀lá, ṣé o gbọ́?"

Ìṣọ̀lá mi orí pé òun gbọ́.

Alàgbà wo Ìyá Akọrin, Ìyá Akọrin wo Alàgbà. Láti ọdún mẹ́rìnlá, wọn kò tíì rí ọjọ́ tí Ìṣọ̀lá fi orí nìkan dáhùn.

"Ó jọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ti ń bá a ṣiṣẹ́, Bàbá," ni Ìyá Akọrin sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìlànà bàbá dáa, n kò ní bú u. Bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe wí, ẹni tí etí rẹ̀ dí pàápàá á yan Dúdú. Sàlákọ́, tó gbé kíbọ́ọ̀dù méjèèjì wá, fi wáyà so Fàdákà mọ́ sípíkà ńlá ìjọ, Ìṣọ̀lá jókòó tì í, ó tẹ orin ìyìn kan. Agolo bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Kí lèyí?" ni Ìyá Akọrin wí. "Ṣé wọ́n ń fọ abọ́ lẹ́yìn aṣọ ni?"

Ìṣọ̀lá fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde, torí kò dá a lójú bóyá Ọlọ́run ka ẹ̀rín mọ́ ọ̀rọ̀.

Sàlákọ́ yọ wáyà lára Fàdákà, ó tì í bọ ẹ̀yìn Dúdú. Àbí kí n sọ pé ó fi í kọ́ ọ lẹ́yìn. Fóònù rẹ̀ ló ń dún, ó sáré jáde lọ gbé e, wáyà kò sì wọlé tán. Ìṣọ̀lá gbé ọwọ́ lé Dúdú, ó fi gbogbo ọkàn tẹ orin. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló ń jáde ní sípíkà.

"Èkejì ń wúkọ́," ni Alàgbà wí. Ìyá Akọrin kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìṣọ̀lá rí wáyà náà. Ká ní ó lè pariwo pé "Sàlákọ́, ti wáyà wọlé", ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀, èmi náà ì bá sì ti lọ sùn. Kò sọ ọ́. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ orin lọ, ó na tòsì sẹ́yìn Dúdú, ọwọ́ kò tó o. Ó bá dìde, ó dojú bolẹ̀ lé kíbọ́ọ̀dù náà lórí kí ọwọ́ rẹ̀ lè débẹ̀, orin sì dúró.

"Èkejì ti kú," ni Alàgbà wí. Ìyá Akọrin tún kọ ọ́.

Ẹ̀rù ba Ìṣọ̀lá. Ó fi tagbáratagbára ti wáyà wọlé, ìgúnpá rẹ̀ sì lọ gbá Fàdákà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbá bọ́tìnì kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ irú kíbọ́ọ̀dù báyìí mọ bọ́tìnì náà, dẹ́mò ni wọ́n ń pè é. Tí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí àwọn tó ṣe é ti tò sínú rẹ̀ láti fi fa ojú oníbàárà mọ́ra. Wọ́n lè fi agolo ṣe gbogbo ohùn tó kù, wọn kì í fi dẹ́mò ṣeré. Fàdákà kò sì nílò wáyà ẹnikẹ́ni, torí sípíkà tirẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀, ó sì kọjú sí ìgbìmọ̀ gan-an.

Fèrè mẹ́rin wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Dùùrù ń ṣàn lábẹ́ wọn, gìtá ń dáhùn, ìlù sì ń gbá wọn tẹ̀lé bí ẹni pé ẹni ogún ló wà lẹ́yìn aṣọ.

Ìyá Akọrin dìde dúró. "Bàbá, èkejì ti jí dìde."

"Ìṣọ̀lá ló ń tẹ èyí?" ni Alàgbà bèèrè. "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n tẹ̀ tó báyìí, a sì ń fojú tín-ín-rín rẹ̀?" Bàbá gbàgbé ìlànà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fàdákà ló rí, iná ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, ó ń kọrin, Ìṣọ̀lá dúró tì í tó ń làágùn.

"Èkejì rèé," ni bàbá wí, ó nawọ́ sí Fàdákà. "Ohun tó bá dáa, ojú náà á mọ̀ ọ́n."

Ìṣọ̀lá mi orí pé rárá títí ọrùn rẹ̀ fi dún. Ó nawọ́ sí Dúdú, ó fọwọ́ kan etí, ó fọwọ́ lé àyà.

"Ó ní Dúdú ń dun òun létí," ni Ìyá Akọrin túmọ̀, "ìrora náà sì ń wọ òun láyà."

Ìṣọ̀lá kò jáwọ́. Ó rò ó pé bí òun bá ṣáà lè fi hàn wọ́n pé kò sí ọwọ́ èèyàn kankan lórí ẹ̀rọ yìí, ọ̀rọ̀ á yé wọn. Ó lọ dúró síwájú Fàdákà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pátápátá kí wọ́n rí i.

Ìyá Akọrin gbé tirẹ̀ sókè. Alàgbà ju Bíbélì sórí àga, ó gbé tirẹ̀ sókè. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ méjì tó kù, tí wọ́n ti ń tòògbé láti òwúrọ̀, ta jí, wọ́n gbé tiwọn sókè láìbèèrè ìdí. Ìṣọ̀lá kò tíì mọ èwo nínú àwọn bọ́tìnì náà ni ìgúnpá rẹ̀ gbá, ó bá kúnlẹ̀ láti wá ibi tí iná Fàdákà ti ń wá kó yọ ọ́. Gbogbo wọn kúnlẹ̀.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí kò kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ rò pé ó gọ̀ ni? Ó kọ ọ́. Ó gba bírò Ìyá Akọrin, ó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà pé, "Fàdákà yìí ń kọrin fúnra rẹ̀. Ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀." Ó gbé e fún Alàgbà. Alàgbà kò mú awò ojú wá, ṣé etí nìkan ló ní òun wá lò. Ìyá Akọrin gbà á, ó kà á, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ká ìwé náà sínú Bíbélì.

"Ẹ̀rí ni, Bàbá," ni ó wí. "Iṣẹ́ ìyanu tó ṣẹlẹ̀ síbí yìí ló kọ. A ó kà á fún ìjọ lọ́la."

Sàlákọ́ wọlé padà lásìkò yìí. Ọdún méjì ló ti ń wá ẹni tí yóò gbé Fàdákà kúrò lọ́rùn òun. Ó gbọ́ dẹ́mò, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó wo Ìṣọ̀lá. Ìṣọ̀lá kò sọ nǹkan kan. Bí ẹni tó ni ọ̀ràn kò bá sọ̀rọ̀, kí ni Sàlákọ́ fẹ́ sọ? Ó yọ wáyà lára Dúdú, ó gbé e sábẹ́ apá.

Ẹ̀rù wá ba Ìṣọ̀lá gidi, ṣùgbọ́n ó ṣì di ẹnu rẹ̀ mú. Ó ní ìgbà tí wọ́n bá ti sọ pé àwọn ti yàn báyìí, òun á tú gbogbo rẹ̀ jáde, wọ́n á sì yí i padà. Ó ń wo ẹnu Alàgbà bí ẹni ń retí mọ́tò. Àmọ́ bàbá tó fẹ́ràn ìlànà ni mo pe Alàgbà fún yín. Kó tó sọ ọ̀rọ̀ náà, ó bọ igo òróró àdúrà jáde lápò, ó sì dà á sórí Fàdákà, láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún, kò fo ibì kankan.

"A ti yan èyí," ni bàbá wí, "ní orúkọ Jésù."

"Dẹ́mò ni, Bàbá," ni Ìṣọ̀lá wí kí àmín tó délẹ̀. "Dẹ́mò ni, èmi kọ́. Wáyà Dúdú ni kò wọlé. Fàdákà ni ẹ kọ́kọ́ gbọ́, òun lẹ ní ó ń fọ abọ́." Ó wá bọ́tìnì náà rí, ó tẹ̀ ẹ́, orin ọ̀run dúró gbagidi. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ Fàdákà fún wọn gbọ́.

Ìyá Akọrin yọ ìwé inú Bíbélì, ó tún un kà, ó jókòó. "Ẹni tó ń fọ abọ́ ti padà dé," ni ó wí.

Wọ́n yíjú sí Sàlákọ́. Sàlákọ́ fi ìka kan kan òróró náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ fojú àánú wò mí," ni ó wí. "Ta ni kí n ta èyí fún? Ẹja ni wọ́n ń dín nínú òróró." Ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó sì lọ. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ó ti ta Dúdú fún Ìjọ Ìmọ́lẹ̀, tó wà ní òdìkejì títì.

Nígbà tí Ìṣọ̀lá délé tó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà ru ìyàwó, Mopélọ́lá kò gbà. "Mo ní kẹ́ ẹ dín ọ̀rọ̀ kù ni. Mi ò ní kẹ́ ẹ ya odi."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìka Ìṣọ̀lá ń yọ̀ lórí òróró. Ibi tó fẹ́ kọ́ ló ń tẹ̀, ibi tó sì tẹ̀ ń dún bí agolo. Ìjọ kọrin lọ díẹ̀, ohùn wọn ń rẹlẹ̀. Ìgbà náà ni ohùn Dúdú gba ojú fèrèsé wọlé láti òdìkejì títì, ó mọ́ gaara, fèrè jẹ́ fèrè, agogo jẹ́ agogo. Orin mìíràn ni wọ́n ń kọ lọ́hùn-ún. Ìyá Akọrin kọ́kọ́ gbè é díẹ̀ lábẹ́ ahọ́n. Akọrin méjì dara pọ̀ mọ́ ọn. Kò pẹ́, gbogbo Ìjọ Òkè-Ìdùnnú yíjú sí fèrèsé, wọ́n ń bá ìjọ ẹlòmíràn kọrin.

Ìṣọ̀lá gbé ọwọ́ kúrò. Ó rìn lọ bá Alàgbà Òjéwùmí lórí ìjókòó rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbà mí. Èmi ni n ó máa tẹ nǹkan yìí títí n ó fi hu ewú."

"Ìṣọ̀lá, nígbà tí wáyà kò wọlé, ta ló rí i?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Nígbà tí dẹ́mò ń kọrin, tí àgbàlagbà bíi tèmi ń kúnlẹ̀ fún bọ́tìnì, ta ló mọ̀?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Fún ọdún mẹ́rìnlá, kò sí ohun tí ìwọ kò sọ sí wa rí. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí a fẹ́ gbọ́ ẹnu rẹ, kí lo sọ?"

Ìṣọ̀lá wo ilẹ̀. "N kò sọ nǹkan kan, Bàbá."

"Ṣé o rí i?" ni Alàgbà wí, ó sì yíjú padà sí fèrèsé pẹ̀lú gbogbo ìjọ. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."