Ohùn Wúrà Lóko Àna

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó kọ́kọ́ yọ jígí lápò, tó wo eyín ara rẹ̀ kó tó kí èèyàn, ẹ má wulẹ̀ bèèrè orúkọ rẹ̀. Olúkúnlé ni. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Olúkúnlé, ṣùgbọ́n ó ní orúkọ náà kéré fún irú òun. Òun fúnra rẹ̀ ló fi Ohùn Wúrà kún un. Nígbà tó yá, ó tún fi Ẹnu-Oyin-Kò-Ta lé e. Bó bá ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù Fẹ́sípà rẹ̀, ó fẹ́ kí a máa kì í bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé, Olúkúnlé á dúró dè é títí yóò fi rántí.

Rédíò ló ń bá ṣiṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ètò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, "Ẹ Bá Mi Dá Sí I" ló ń jẹ́. Á ní lẹ́tà àwọn olùgbọ́ ti bo tábìlì òun mọ́lẹ̀. Á ka ìṣòro ẹni ẹlẹ́ni, á fi oníṣòro náà rẹ́rìn-ín dáadáa, lẹ́yìn náà á wá gbà á nímọ̀ràn bí ẹni pé ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń pín ọgbọ́n. Láti Ṣakí dé Ìjìó ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Àwa náà ń gbọ́ ọ, a sì ń rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ tí ẹ̀rín náà kan ilé wa.

Ahunṣọ ni wá, ní Ìsẹ́yìn. Ilé òfì wa kò ní ògiri, kò ní ilẹ̀kùn. Òrùlé lásán ni lórí òpó. Ibi kan náà ni gbogbo wa ń kọjú sí, níbi tí òwú nà lọ, tí òkúta ń fà á. Ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ ni o máa ń rí, o kì í rí ojú ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi máa ń tú níbẹ̀. Ohun tí ọkùnrin kò lè sọ fún ìyá tó bí i, á sọ ọ́ sí òwú, àwọn tó kù á sì dá a lóhùn láìbojúwẹ̀yìn.

Òfin kan ló wà. Ọ̀rọ̀ ilé òfì kì í kọjá òpó. Ẹni tó bá gbé e kọjá ti di ẹni tó ni ín: bó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, òun ni yóò bẹ̀ ẹ́, bó bá jẹ́ iṣẹ́, òun ni yóò ṣe é. Bàbá Ògúndìran, olórí wa, máa ń sọ ti ọkùnrin kan láyé àtijọ́ tó tú àṣírí ẹni tó jí ewúrẹ́. Òun tó tú u náà ló ra ewúrẹ́ mìíràn dá padà, kò sì jẹ nínú ẹran ti àkọ́kọ́.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Olúkúnlé wá sọ́dọ̀ wa pé kí a hun aṣọ agbádá fún òun. Ó ní àlàárì lòun fẹ́. A hun ún dé ìdajì, ó ní ẹ̀tù ló yẹ òun jù. A bẹ̀rẹ̀ ẹ̀tù, ó tún rántí sányán. Gbogbo ìgbà yìí ló ń wá jókòó sórí ẹní wa, báàgì lórí itan, ojú ní dídì bí ẹni tó ń tòògbé. A rò pé oníbàárà tó ní sùúrù ni. A kò mọ̀ pé ẹ̀rọ téèpù wà nínú báàgì náà tó ń yí lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò sí lẹ́tà kankan lórí tábìlì kankan. Àwa ni lẹ́tà náà.

Ọ̀rẹ́ mi Jẹ́ẹ́dé ni ọ̀rọ̀ yìí wá dà lé lórí. Kò sí ẹni tó mọ aṣọ hun tó o láàrin wa, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ọkọ́. Ebè kan ṣoṣo tó kọ rí láyé, ajá gùn ún, ó wó. Ọmọ àgbẹ̀ ló sì lọ fẹ́: Àwáwù, ọmọ Bàbá Ládòkun ní Ilua. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ àgbẹ̀ sì mọ̀ pé ọjọ́ ọ̀wẹ̀ ń bọ̀, tí òun yóò lọ kọ ebè iṣu lóko àna. Nígbà tí ọjọ́ pé, Jẹ́ẹ́dé di àkísà mọ́ ìdí, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dé Ilua, ó ní ìbàdí ń dun òun. Àna rẹ̀ gbà á gbọ́. Àánú rẹ̀ ṣe bàbá náà débi pé ó fi igbá òrí kan ránṣẹ́ sí i pé kó máa fi ra á.

Òrí yẹn kò jẹ́ kí Jẹ́ẹ́dé gbádùn mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sọ gbogbo rẹ̀ sí òwú. Bàbá Ògúndìran kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní kó lọ jẹ́wọ́ fún àna rẹ̀ kíákíá, nítorí pé ìbàdí tí a bá fi parọ́ kì í gbàgbé. Jẹ́ẹ́dé gbà, ó ní bí òun bá ti já aṣọ tó wà lórí òfì, òun yóò lọ. Olúkúnlé ń tòògbé lórí ẹní.

Aṣọ náà kò tíì já tí Sọ́ńdè fi dé. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nídìí òpó, a sì gbọ́ tí Olúkúnlé ní lẹ́tà kan ti dé láti ọ̀dọ̀ ahunṣọ kan tí òun kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹni tí àna rẹ̀ ń dáko ní Ilua. Ó sọ ti àkísà, ó sọ ti ọ̀pá, ó sọ ti igbá òrí. Ó tilẹ̀ sín Jẹ́ẹ́dé jẹ, ó ń fà á nínú ohùn, "Yéè, ìbàdí mi o." Lẹ́yìn náà ló wá fi ọ̀rọ̀ Bàbá Ògúndìran parí rẹ̀, ó ní òun ló ronú kàn án. Ọ̀kọ̀ òwú tó fi ń hun aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Jẹ́ẹ́dé.

Ṣé Ilua ni rédíò kò sí ni? Kí ọjọ́ ọjà tó pé, Bàbá Ládòkun ti wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Iṣẹ́ tó rán sí Jẹ́ẹ́dé le: ebè kọ́ ló dun òun, àánú òun tí gbogbo ayé fi ń rẹ́rìn-ín ló dun òun. Títí ẹni tó ni ìtìjú yìí yóò fi wá sọ pé tòun ni, kó sì kọ ebè náà lójú gbogbo ayé, Àwáwù kò ní padà. Jẹ́ẹ́dé lọ bẹ̀ ẹ́, wọn kò ṣílẹ̀kùn fún un. Ó padà wá ń jókòó sídìí òfì láìhun nǹkan kan, ó ń jẹ ẹ̀bà tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ ní títẹ̀ burúkú.

Bàbá Ògúndìran mú mi dání, a lọ bá Olúkúnlé. Bàbá fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀ pé kó sọ ọ́ lórí rédíò pé kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí i, kó sì bá wa lọ bẹ Bàbá Ládòkun.

Olúkúnlé rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ilé òfì yín kò ní ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ ní gbangba, ti gbogbo ayé ni. Èmi kàn ṣà á ni."

"Òótọ́ lo sọ," ni Bàbá wí. "Kò ní ilẹ̀kùn. Òpó ló ní."

Kò yé e. Ó fún wa ní fọ́tò ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fọwọ́ sí i lẹ́yìn. Bàbá fi tirẹ̀ dí ihò tí eku ń gbà wọ yàrá.

Ọ̀gá Olúkúnlé ní rédíò, Adétúnjí, kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ó ti ń yà á lẹ́nu tipẹ́ pé lẹ́tà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìsí èyí tó gba ọ́fíìsì òun kọjá. Bó bá bèèrè wọn, Olúkúnlé á ní òun ti sun wọ́n, nítorí àṣírí àwọn èèyàn. Ó pa á mọ́nú. Nígbà tó wá di pé rédíò fẹ́ gbé ètò náà jáde lọ bá àwọn olùgbọ́, Ilua ló mú, torí pé ọ̀rọ̀ ìbàdí yẹn làwọn èèyàn fẹ́ràn jù. A gbọ́, àwa ahunṣọ háyà lọ́rì kan. Bàbá Ògúndìran ti lọ ṣáájú wa láti ṣàlàyé òfin òpó fún Bàbá Ládòkun. Bàbá Ládòkun ní òun gbà, bí Olúkúnlé bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé tòun ni.

Pápá ọjà Ilua kún. Olúkúnlé wọ léèsì tó ń tàn yanran. Fíríìjì funfun kan wà lórí pèpéle, ó ga, ó ń dán. Iná mànàmáná kò tíì dé Ilua, àmọ́ kò sẹ́ni tí ojú rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Adétúnjí gba gbohùngbohùn, ó ní ẹ̀bùn ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ìbàdí nìyẹn. Kí olúwa rẹ̀ jáde wá gbà á.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Jẹ́ẹ́dé fẹ́ dìde. Mo mọ̀ pé kì í ṣe fíríìjì ló ń wá. Ìtìjú rẹ̀ ló fẹ́ lọ gbà, kó lè rí ìyàwó rẹ̀. Bàbá Ògúndìran di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

Olúkúnlé wo fíríìjì. Ó wo ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó tún wo fíríìjì. Ó ní, "Ẹ má wá a lọ jìnnà. Èmi ni mo ni ín."

"Lẹ́tà ńkọ́?" ni Adétúnjí bi í.

"Kò sí lẹ́tà. Láti inú orí mi ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Kò sí ẹlòmíràn tó ní ìpín níbẹ̀."

"Ó dá ọ lójú?"

"Látòkè délẹ̀."

Bàbá Ládòkun dìde láàrin àwọn àgbà, ọkọ́ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gun pèpéle jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "O ṣé, ọmọ mi," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọ. Ìwọ lo parọ́ ìbàdí fún mi, ìwọ lo gba òrí mi. Oko mi nìyẹn lẹ́yìn pápá. Wá kọ ebè mi."

Olúkúnlé kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé bàbá kò rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe òun, ọkùnrin kan wà ní ilé òfì ní Ìsẹ́yìn. Adétúnjí bi í pé ọkùnrin wo, ṣebí kò sí ẹlòmíràn tó ní ìpín? Bó bá ní òun jí i gbọ́ ni, iṣẹ́ lọ, fíríìjì lọ. Bó bá ní tòun ni, ọkọ́ rèé. Olúkúnlé wo fíríìjì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ṣírò rẹ̀ pé ebè mélòó kan kò lè pa èèyàn. Ó ká apá léèsì sókè.

Gbogbo ìlú ló tẹ̀ lé e dé oko, gbohùngbohùn rédíò sì tẹ̀ lé ìlú. Ebè àkọ́kọ́ rí bí àkàrà tí kò wú. Àwọn obìnrin Ilua ń kì í: Ohùn Wúrà, Ẹnu-Oyin-Kò-Ta, ọkọ́ kò gbọ́ dídùn ohùn o. Ó kọ èkejì, òógùn bo léèsì. Ó bẹ̀rẹ̀ ìkẹta, kò lè nà mọ́. Ọkọ́ bọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí mú.

"Yéè," ló ké, "ìbàdí mi o."

Ohùn kan náà ni. Bó ṣe sín in jẹ lórí rédíò gan-an ló ṣe jáde. Ẹ̀rín bú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹyẹ oko fi fò lọ. Bàbá Ògúndìran sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ìbàdí náà ti mọ ẹni tó ni ín.

Olúkúnlé bá jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete: ilé òfì, báàgì, téèpù, àti lẹ́tà tí kò fìgbà kankan sí. Kò sẹ́ni tó nà án, kò sẹ́ni tó bú u. Bàbá Ládòkun kàn ní kí wọ́n gbé òrí wá fún un.

Àwáwù ló gbé e wá. Ó gbé igbá kalẹ̀ níwájú Olúkúnlé, kò sì wò ó lójú. Jẹ́ẹ́dé ti gbé ọkọ́ tó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, ó ní òun lòun parọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè, ebè tí kò dáa rárá. Àwáwù dúró wò ó díẹ̀, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ hàn án. Bàbá Ládòkun yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Òun náà ni Adétúnjí gbé fíríìjì fún. Adìẹ ló ń yé sínú rẹ̀ di òní.

Bí a ṣe fẹ́ máa lọ, Olúkúnlé fà tìkọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, òrí ń dán ní ìdí rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má jẹ́ kí ohùn tí wọ́n gbà lóko yìí jáde ní Sọ́ńdè, pé ọ̀rọ̀ àṣírí òun ni. Adétúnjí kọjú sí Bàbá Ògúndìran.

Bàbá gbọn erùpẹ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Oko kò ní ilẹ̀kùn, ọmọ mi," ló wí, ó sì gun lọ́rì.