Àṣìṣe Mẹ́ta Tí Mo Kọ Sọ́rùn Ọmọ-Ọmọ Mi

Ọjọ́ Sátidé kan wà tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti lé e títí. Ọjọ́ náà ni mo fi ọwọ́ ara mi ba ọmọ-ọmọ mi jẹ́ nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ eré bésíbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, mo mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà lọ. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Dallas, bàbá arúgbó kan wà ní wọ́ọ̀dù mi tó máa ń gbọ́ eré lórí rédíò, tí á sì máa kọ nọ́ńbà wẹ́wẹ́ sínú ìwé kan. Mo rò pé ó ń ka iye oògùn tí a fún un kó lè fi pè wá lẹ́jọ́. Àṣé eré ló ń kọ. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, òun náà sì kọ́ mi pé nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ipò kọ̀ọ̀kan lórí pápá: ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ni nọ́ńbà kìíní, ẹni tó ń hán an lẹ́yìn ẹni tó ń gbá a ni ìkejì, títí dé ìkẹsàn-án. Ó ṣí ìwé kan tó ti gbó, ó sì ka eré tí wọ́n ti gbá kí n tó dé Amẹ́ríkà fún mi, bọ́ọ̀lù kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń wò ó lójú fèrèsé. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ọ̀hún ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ mi.

Nígbà tí Tèní, ọmọ Dúpẹ́ ọmọbìnrin mi, wọ ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ní DeSoto nítòsí Dallas, èmi ni kóòṣì gbé ìwé lé lọ́wọ́. Bírò ni mo ń fi kọ ọ́. Mo ti sọ létí gbogbo òbí pé ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe kò nílò ìrésà.

Sátidé yẹn, a lọ gbá eré ní Arlington. Tèní ló dúró ní ipò kẹfà, láàrin bésì kejì àti ìkẹta, àwọn ibùdó tí ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù máa ń sáré lọ. Eré náà kì í ṣe eré lásán: àwọn tó ń yan ọmọ fún ẹgbẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn máa gba ìwé àkọsílẹ̀, ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n á fi yàn. Ọdún kan gbáko ni Tèní ti fi ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi. "Ẹ̀yin nìyí, Ìyá Dúpẹ́! Ìwé lẹ tún gbé dání?"

Màmá Fẹ́mi ni. Obìnrin yìí ló dìde nínú ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ wa, tó ní àkọsílẹ̀ tí èmi akọ̀wé kọ ń gbè sẹ́yìn àwọn ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n yọ mí nípò. Ó ti tó ogún ọdún, mi ò sì tíì gbàgbé àwọ̀ gèlè tó wé lọ́jọ́ náà.

Káyọ̀dé, ọmọ-ọmọ rẹ̀, wà nínú ẹgbẹ́ kejì. Ó gbé igi, ó gbá bọ́ọ̀lù kan, bọ́ọ̀lù náà sáré bọ̀ lọ́dọ̀ Tèní, ó ta lójijì, ó sì gba ejìká rẹ̀ kọjá. Kò sí ọmọ tí ì bá mú un. Ó yẹ kí n kọ ọ́ pé Káyọ̀dé gbá a dáadáa, ṣùgbọ́n Màmá Fẹ́mi ti ń jó lẹ́yìn mi.

"Ẹ kọ ọ́ o! Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà!"

Òfin àkọsílẹ̀ ni pé bí bọ́ọ̀lù bá lọ nítorí pé ẹni tó yẹ kó mú un kùnà, ẹni tó gbá a kò ní oore kankan níbẹ̀. Àṣìṣe la máa kọ. Akọ̀wé ló sì ń pinnu èyí tó jẹ́.

"Kí lẹ kọ?"

"Àṣìṣe."

"Bọ́ọ̀lù tó fẹ́ẹ̀ gé etí ọmọ dànù yẹn?"

"Màmá Fẹ́mi, ẹ wo eré, kí ẹ fi ìwé sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀wé."

Ó dùn mọ́ mi nínú. Káyọ̀dé tún gbá òmíràn, ọ̀dọ̀ Tèní náà ló tún gbà. Bí mo bá yí ọwọ́ padà, obìnrin yẹn á mọ̀ pé irọ́ ni ti àkọ́kọ́. Mo kọ àṣìṣe. Ìkẹta fò lórí Tèní kọjá, mo ti kọ ọ́ kó tó balẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí adájọ́.

Eré parí, kóòṣì gba ìwé, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Màmá, àṣìṣe mẹ́ta fún Tèní?"

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ohun tí mo ṣe. Àṣìṣe kì í dá dúró nínú ìwé eré, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ nọ́ńbà kẹfà sí i, tí mo ń fìyà jẹ Káyọ̀dé, tí mi ò rántí pé èmi ni mo di irun nọ́ńbà kẹfà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Tèní yọjú wo ìwé. "Màmá àgbà, kí ni mo fi ṣe yín?" Èdè Òyìnbó ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi dùn mí.

Kóòṣì ní òun ò lè yí ohun tí mo fi bírò kọ padà, àfi bí ẹnì kan láti ẹgbẹ́ kejì bá fọwọ́ sí i pé mo ṣì í kọ. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Gbogbo wọn ti ń wọ mọ́tò lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù, ó ń rọra ká àga rẹ̀.

"Màmá Fẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn bọ́ọ̀lù yẹn, ó jọ pé Káyọ̀dé gbá wọn dáadáa."

"Ó jọ?"

"Ó gbá wọn dáadáa."

"Ẹ sọ ọ́ sókè, ìyá. Etí mi ò gbọ́ tó tẹ́lẹ̀ mọ́."

Mo pariwo rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti tan mọ́tò rẹ̀ pa á kó lè gbọ́. Màmá Fẹ́mi gba bírò mi, ó fọwọ́ sí i níbi mẹ́ta, ó sì béèrè bóyá kí òun bá mi yẹ àwọn ojú ewé yòókù wò.

Wọ́n yan Tèní. Wọ́n yan Káyọ̀dé náà, ariwo tí mo pa, tó sọ àṣìṣe mẹ́ta yẹn di oore tirẹ̀ nínú ìwé, ló gbé e wọlé. Ẹgbẹ́ kan náà! Láti ìgbà náà, èmi àti obìnrin yìí la jọ ń jókòó nínú oòrùn Texas. Mi ò tíì dárí ọ̀rọ̀ ìjọ jì í, mi ò sì ní in lọ́kàn. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́gbọ́n: bí mo bá fẹ́ fi nǹkan gbẹ̀san lára ẹnì kan, mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹni tó dúró sáàrin wa.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Tèní fò, ó hán bọ́ọ̀lù kan lófuurufú. Mo fò sókè, mo dì mọ́ ẹni tó wà nítòsí mi, mo ń mì ín jìgìjìgì, kí n tó rí i pé Màmá Fẹ́mi ni. Mo jókòó kíá, mo tún aṣọ mi ṣe. Ẹ̀rín ara mi ló pa mí délé.