Apá Aṣọ Tó Kù

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, apá aṣọ ló gbé e wá, apá ọ̀tún ni pàápàá. Ọ̀gá tuntun nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló pe ẹjọ́. Télọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Abẹ́rẹ́-ò-ṣìnà ló pè. Ohun kan ṣoṣo ni obìnrin náà ń béèrè, pé kí Kábíyèsí gba ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ẹ̀rọ yẹn ni télọ̀ fi ń jẹun, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn lábẹ́ ọ̀run.

Kábíyèsí ní kí obìnrin náà ṣàlàyé. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi òun sípò gan-an ni òun gba aṣọ náà, ó wà ní kíká nínú ọ̀rá. Òun kò tú u wò, nítorí ẹni tí òun fọkàn tán ló rán an. Ìgbà tí òun wọ̀ ọ́ ni òun rí i pé ọwọ́ òsì rí apá wọ̀, ọwọ́ ọ̀tún sì wà ní ìhòòhò. Ọkọ̀ ti ń dúró níta. Ni òun bá fi ìborùn bo ọwọ́ ọ̀tún mọ́lẹ̀, òun ń fi òsì bọ àlejò lọ́wọ́.

"Ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ fúnra wọn ni mo na ọwọ́ òsì sí, Kábíyèsí. Bàbá tó lè bí mi lọ́mọ. Wọ́n wo ọwọ́ náà, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì ki ọwọ́ tiwọn bọ àpò. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, wọn ò tíì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì."

Àwọn ìjòyè mí kanlẹ̀. Kábíyèsí yíjú sí télọ̀.

"Ṣé o gbàgbé apá náà ni?"

Télọ̀ tí orí rẹ̀ pé ì bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó tọrọ àforíjì, kí ó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ti kún inú tiwa yìí dẹ́nu.

"Mi ò gbàgbé o, Kábíyèsí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni."

Ó wá ṣàlàyé pé bí òun bá ti jókòó ti ẹ̀rọ, àsọyé tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni òun máa ń gbọ́ lórí fóònù. Òun ti gbọ́ èyí tó kọ́ni bí orúkọ ṣọ́ọ̀bù ẹni ṣe ń jáde lókè pátápátá bí èèyàn bá ń wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òun ti gbọ́ ti bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sórí Fesibúùkù tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè kọjá láì kà á. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ òun lára jù ni ti ọ̀mọ̀wé kan tó mọ bí ọkàn oníbàárà ṣe ń ṣiṣẹ́.

"Wọ́n ní ọkàn ọmọ ènìyàn kì í gbàgbé ohun tí kò bá parí. Tí mo bá rán aṣọ parí fún èèyàn, ó parí náà nìyẹn, ó ti gbàgbé mi. Àmọ́ tí apá kan bá kù..."

"Á máa ṣépè fún ẹ," ni ọ̀gá ilé-ìwé dá sí i.

"Á máa rántí mi ni, mà. Láti ọjọ́ yẹn, ṣé ẹ ti gbàgbé mi?"

Obìnrin náà kò gbàgbé rẹ̀ lóòótọ́, kódà lójú oorun. Orí télọ̀ wú, ó rò pé òun ti jàre. Ó fọ́nnu pé kì í ṣe aṣọ kan péré ni òun fi ọgbọ́n yìí rán, pé ṣòkòtò baba onísìmẹ́ńtì kò ní àpò, aṣọ ìyàwó dókítà kò sì ní bọ́tìnì lẹ́yìn. Ìjòyè kan lápá ìsàlẹ̀ rọra fọwọ́ kan ọrùn aṣọ ara rẹ̀ wò.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ti télọ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Ó búra pé àwọn méjèèjì ni àwọn jọ gbọ́ àsọyé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àti pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára rí.

Olóyè Ọ̀tún wúkọ́. Láti àárọ̀ ni bàbá yìí ti gbàyè lọ́wọ́ Kábíyèsí pé kí òun má ṣí fìlà, pé òtútù mú òun lórí. Ó wá ṣí i wàyí. Ẹ̀gbẹ́ kan orí ń dán, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì jẹ́ igbó.

"Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì," ni Ọ̀tún wí.

"Ẹ ṣáà máa padà wá, bàbá," ni onígbàjámọ̀ fèsì. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ó kan ìyàwó télọ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ́jú sí i pé kó gba òun sílẹ̀, àṣé nǹkan ti ń gbé obìnrin náà nínú tipẹ́.

"Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wa ò ní ìkọ́, Kábíyèsí. Ọkọ mi kan ilẹ̀kùn dé ìdajì, ó fi í sílẹ̀, ó ní kí n lè máa rántí òun. Mo sì ń rántí ẹ̀ dáadáa, nígbàkigbà tí àwọn ayálégbé bá ń kọjá. Irọ́ sì ni pé wọ́n gbọ́ àsọyé yẹn parí. Àárín ni dátà ti tán. Onígbàjámọ̀ yìí náà ló ní kó má ra òmíràn, pé èyí tí àwọn gbọ́ ti tó."

"A gbọ́ ọ parí," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Kí ló sọ níparí?" ni Kábíyèsí bi í.

Onígbàjámọ̀ wo àjà títí. "Ó ní ká tẹ àmì agogo lórí fóònù."

Kábíyèsí ní kí akọ̀wé ààfin wá àsọyé náà lórí fóònù tirẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti já. Ohùn ọ̀mọ̀wé gba gbogbo ilé: "Ṣùgbọ́n o, ìpolówó ọjà nìkan ni mo ń wí. Bí ẹ bá fi ọjà tó ti di ti oníbàárà sílẹ̀ láìparí, kò ní gbàgbé yín lóòótọ́, àmọ́ kò ní padà wá mọ́ láéláé."

Ojú ti télọ̀ débi pé kò lè wo ìyàwó rẹ̀. Àwọn ìjòyè forí korí, Kábíyèsí sì jókòó dáadáa.

"A dá ọ lẹ́bi. Wàá rán apá aṣọ náà, wàá gbé aṣọ lọ sílé ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́, wàá dọ̀bálẹ̀, wàá sì jẹ́wọ́ títí wọn ó fi fún obìnrin yìí ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ, mo pàṣẹ pé kí wọ́n..."

Kábíyèsí dákẹ́. Ó dìde, ó wọlé lọ. Àwọn ìjòyè náà tẹ̀ lé e.

"Kí wọ́n kí ni?" ni télọ̀ ń béèrè. Ó rá dé ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé ní ìyókù ń bọ̀ lọ́jọ́ tí kò bá sí ohun tí kò parí mọ́ lọ́wọ́ télọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé wá ṣẹ sí télọ̀ lára. Kí wọ́n gbà á ni, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀? Kí wọ́n tà á ńkọ́? Ó rán apá, ó rán àpò, ó kan bọ́tìnì, ó sì kan ìkọ́ mọ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ó wọ́ onígbàjámọ̀ lọ sílé Ọ̀tún pẹ̀lú abẹ, kó lọ parí orí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lónìí, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ọwọ́ ọ̀tún tó wọ apá aṣọ tuntun ni ọ̀gá ilé-ìwé sì fi gba kọ́kọ́rọ́.

Télọ̀ sáré wọ ààfin, òógùn bò ó. Kábíyèsí ń gé èékánná lọ́wọ́.

"Kábíyèsí, mo ti parí gbogbo ẹ̀. Ẹ dákun, ẹ̀rọ mi, ẹ ní kí wọ́n kí ni?"

Kábíyèsí wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀.

"Ẹ̀rọ wo?"