Ìbòrí Ààrò Tí Wọ́n Wọ̀n Lórí Ìkúnlẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wá gbọ́ ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ wa ní Sabon Gari lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Láti ọdún FESTAC, n kò tíì rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Rosaline olóúnjẹ ló pe Oyèyẹmí onípáànù, àbúrò ọkọ rẹ̀, lẹ́jọ́. Ó ní kó bá òun ṣe ìbòrí sókè ààrò, èyí tí yóò máa kó èéfín gba inú ọ̀pá jáde síta. Oyèyẹmí ṣe é, ó ń dán yanranyanran. Ṣùgbọ́n ó so ó wálẹ̀ jù débi pé àyà Rosaline ni etí páànù náà mọ.

Rosaline kúnlẹ̀, ó rojọ́.

"Kábíyèsí, bí mo bá dúró, n kò rí inú ìkòkò. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, iná ń jó gèlè mi. Ọmọrogùn ń gbá páànù, tùwó mi wá di kìkì kókó. Lọ́jọ́ Sátidé, ènìyàn mẹ́rin péré ló jẹun lọ́dọ̀ mi. Àwọn tó kù ti sá lọ sọ́dọ̀ olóúnjẹ iwájú ṣọ́ọ̀ṣì."

Baálẹ̀ kọjú sí Oyèyẹmí. "Báwo lo ṣe wọn obìnrin yìí?"

"Mo fi tépù kàn án látàrí, Kábíyèsí, mo wá fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lé e."

"Ṣé ó dúró?"

"Ìyàwó wa ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi ni."

"O ò wá ní kó dìde?"

"Ọdún mọ́kànlá ló ti wà nílé wa, n kò rí i lóòró níwájú mi rí. Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ pé ó ga?"

Baálẹ̀ bi Rosaline ìdí tó fi dákẹ́ nígbà tí tépù kàn án lórí.

"Ilẹ̀ ni mo ń wò, Kábíyèsí. Mo rò pé ó ń gbàdúrà fún mi ni. Mo ń ṣe àmín."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é," ni Oyèyẹmí wí. "Ẹni tó ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹta ti gbà."

Ramlat tó ń bá Rosaline fọ abọ́ wá jẹ́rìí. Ó ní wallahi, páànù náà ti wálẹ̀ jù. Baálẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀melòó ló ti gbá a lórí.

"Kò gbá mi rí, Baba. Èmi kúrú."

Adémúyìwá, àgbà kan ní ìjọ Àládùúrà wa, jẹ́rìí fún Oyèyẹmí. Ó ní èéfín kankan kò kan òun mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti so páànù náà. Ramlat ní ìta, lábẹ́ igi dogonyaro, ni Baba Àládùúrà ti ń jẹun. Adémúyìwá ní ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tó fi dá òun lójú.

Ìjòyè kan ní kí wọ́n kúkú so ó mọ́ àjà. Rosaline ní èéfín yóò ti gba gbogbo ilé kó tó débẹ̀. Baálẹ̀ wá ní kó dìde, kó mú ọmọrogùn, kó ṣe bí ẹni tó ń ro tùwó. Oyèyẹmí gbójú sókè wò ó. Ẹnu yà á.

"Ìbú ọwọ́ kan lókè orí rẹ̀ báyìí," ni Baálẹ̀ wí. "Á rí inú ìkòkò, èéfín ò sì ní ráyè sá. Lọ gbé e sókè."

Oyèyẹmí kọ̀. Ó ní bí òun bá tú u, gbogbo Sabon Gari yóò ní òun kò mọ ìwọ̀n, ta ni yóò tún gbéṣẹ́ fún òun?

"Ó dáa, mo gbà pé ìwọ̀n rẹ péye. Láti ọ̀la títí di ọjọ́ tí o bá gbé e sókè, ìwọ ni yóò máa kúnlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ro tùwó. O ò gbọdọ̀ dìde kí tùwó tó jinná."

Ní Túsìdeè, bẹ́ńṣì kò gbèrò lọ́dọ̀ Rosaline. Àwọn ṣójà wá láti Brigade wá wòran. Àwa obìnrin ń pàtẹ́wọ́, a ń kọrin:

Oyèyẹmí, rọra rò ó o,
Páànù rẹ ló bá ọ mu,
Kúnlẹ̀, kó o rò ó o.

Aago méjì kò tíì lù tí tùwó fi tán, tòun ti kókó inú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, Oyèyẹmí fúnra rẹ̀ gbé àkàbà àti òòlù dé, ó ń tiro, ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí òun gbé páànù náà sókè lójú ẹsẹ̀.

Rosaline kúnlẹ̀ kí i dáadáa.

"Ẹ má kánjú, ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kó di Sátidé."