Ẹ̀gbọ́n Mi Ló Rán Mi Wá Ṣàyẹ̀wò

Yàrá àyẹ̀wò ni, bẹ́ẹ̀dì kan, fáànù kan tó ń ráhùn lókè. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìbọ̀wọ́ ni aránṣọ kan já wọlé, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Kò tíì kíni tán tó ti gorí bẹ́ẹ̀dì. Irú ìkánjú wo nìyí?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ rọra, màmá. Àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ lẹ bá wá, àbí?

ARÁNṢỌ: Òun ni. Ẹ tètè, ẹ̀gbọ́n mi ń dúró.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ọmọ ọdún mélòó ni yín?

ARÁNṢỌ: Mẹ́rìnléláàádọ́ta.

NỌ́Ọ̀SÌ: (Ó wò ó lókè wò ó nílẹ̀.) Ẹ̀yin?

ARÁNṢỌ: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ̀gbọ́n mi ni. Àwọn ló rán mi.

NỌ́Ọ̀SÌ: Wọ́n rán yín kí ẹ wá ṣe àyẹ̀wò tiwọn?

ARÁNṢỌ: Ṣé kí àgbàlagbà wá máa gbẹ́sẹ̀ sókè níbí nígbà tí èmi ò kú? Èmi ni mo máa ń bá wọn to ìlà ní báńkì. Bí wọ́n bá ra bàtà tuntun, èmi ni mo máa ń bá wọn wọ̀ ọ́ kó lè gbòòrò. (Ó na gìgísẹ̀ tó bó síta.) Ẹ wò ó!

NỌ́Ọ̀SÌ: Ilé ọmọ kì í ṣe bàtà!

ARÁNṢỌ: Ilé ọmọ kan náà la ti wá!

NỌ́Ọ̀SÌ: Ti ìyá yín nìyẹn!

ARÁNṢỌ: Ẹ ò rí i? Àjọni ni.

(Nọ́ọ̀sì bọ́ ìbọ̀wọ́, ó wá àga jókòó.)

NỌ́Ọ̀SÌ: Kí ló ń ṣe wọ́n gan-an?

ARÁNṢỌ: (Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.) Nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró láti ọdún mẹ́ta. Ooru ń mú wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn láàgùn. Mo gbìyànjú. Àfi bí wọ́n ṣe tún rí ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Àwọn nìkan ni mo ní.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ̀jẹ̀ tó bá yọjú lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti lọ, a kì í fi falẹ̀. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Bó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ, tá a bá tètè rí i, ó ṣeé tọ́jú. Ṣùgbọ́n ara tiwọn ni dókítà máa yẹ̀ wò. Níbo ni wọ́n wà?

ARÁNṢỌ: Lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ń dúró de èsì.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ pè wọ́n wọlé, ẹ jọ̀ọ́!

ARÁNṢỌ: (Ó sáré ṣílẹ̀kùn.) Ẹ̀gbọ́n mi, àṣírí ti tú! Ẹ máa bọ̀, mo máa dì yín lọ́wọ́ mú.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti ṣe tiyín rí?

ARÁNṢỌ: Èmi kẹ̀? Nọ́ọ̀sì, àbígbẹ̀yìn ni mí. Ta ni mo fẹ́ rán?